Ẹ dán sọ́fítíwíà wò kí ẹ tó gbé dátà yín lé e lọ́wọ́: ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùwádìí ní Èkìtì

Bí iṣẹ́ oko tàbí ti yàrá àyẹ̀wò bá ti parí, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó, ní Ọyẹ́ àti ní Ìkọ̀lé ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, sọ́fítíwíà wo ni kí n fi ya gíráàfù mi?” Orúkọ kan ni wọ́n sì máa ń gbà lésì: SPSS, tàbí Excel, tàbí Origin, torí pé òun ni ẹni tí wọ́n bi lò nígbà tirẹ̀. Mi ò rò pé orúkọ ló yẹ ká fún wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sọ́fítíwíà kan lónìí tí kò lè ya gíráàfù tó dùn ún wò. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé, ṣé iye tó wà lábẹ́ gíráàfù náà tọ̀nà? Ṣé ó ka dátà wa bí a ṣe kọ ọ́? Ṣé ẹlòmíràn lè tún iṣẹ́ náà ṣe kí ó sì bá èsì kan náà? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èèyàn lè dán wò fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ kì í gba kóńgò tuntun láì kọ́kọ́ fi kóńgò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wọn ìrẹsì sínú rẹ̀. Bó ṣe yẹ ká ṣe sí sọ́fítíwíà nìyẹn: ohun tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ fún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ yín ń béèrè sílẹ̀

Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ irú dátà tí ẹ ní, iye ìlà rẹ̀, irú gíráàfù tí súpáfáísọ̀ tàbí jọ́nà ń fẹ́, àti irú àyẹ̀wò ìṣirò tí ẹ máa ṣe. Ẹni tó gbin iṣu sí abala ilẹ̀ mẹ́rìndínlógún ní Ìkọ̀lé láti fi ajílẹ̀ mẹ́rin wéra ń wá ANOVA (àyẹ̀wò tó ń fi ìpíndọ́gba àwọn ẹgbẹ́ wéra) àti gíráàfù onígi tó ní error bar (ìlà kékeré lórí igi kọ̀ọ̀kan tó ń fi bí iye ṣe lè yàtọ̀ tó hàn). Ẹni tó ń wo bí énsáímù ṣe ń yára ṣiṣẹ́ ń wá sọ́fítíwíà tó lè fa ìlà tó tẹ̀ gba àárín àwọn àmì, kí ó sì sọ iye inú fọ́múlà ìlà náà fún un. Sọ́fítíwíà tó tẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lọ́rùn lè má wúlò fún ẹnì kejì rárá.

Iye ìlà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ká ní ẹnìkan gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ooru omi sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, tí ẹ̀rọ náà sì ń kọ iye kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Iye 525,600 ni yóò ní lọ́dún kan. Lọ́dún méjì, ó di 1,051,200. Ìlà 1,048,576 péré ni ojú ìwé Excel kan lè gbà, nítorí náà dátà ọdún méjì kò ní wọlé tán. Bó bá jẹ́ fáìlì .xls àtijọ́ ni, ìlà 65,536 ló mọ, ìyẹn dátà nǹkan bí oṣù kan ààbọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Lọ́dún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àrùn náà kò wọ inú iye tí wọ́n ń kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí òpin ìlà inú .xls yìí kan náà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan mẹ́ta péré

Lára àwọn tí a kì í sanwó fún ni R, tí Ross Ihaka àti Robert Gentleman bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, tí ẹ̀dà 1.0.0 rẹ̀ sì jáde ní 29 oṣù Kejì ọdún 2000. Python wà pẹ̀lú àwọn àfikún bíi pandas àti Matplotlib. gnuplot ti wà láti 1986. LabPlot, Veusz àti SciDAVis wà fún ẹni tó fẹ́ máa tẹ mẹ́nù dípò kí ó máa kọ àṣẹ. JASP, tó wá láti Yunifásítì Amsterdam, àti jamovi dára fún àyẹ̀wò ìṣirò, PSPP sì jọ SPSS débi pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ SPSS kò ní ṣìnà nínú rẹ̀. Àwọn tí a ń sanwó fún ni Origin, GraphPad Prism, SigmaPlot, SPSS àti MATLAB.

Ẹ mú ọ̀kan tó ní mẹ́nù, ọ̀kan tí a ń kọ àṣẹ fún, àti ọ̀kan tí àwọn èèyàn ẹ̀ka yín ti ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ dán mẹ́wàá wò kò ní dán ọ̀kankan wò dáadáa.

Ní ti SPSS tàbí Origin tí wọ́n ti já láísẹ́ǹsì rẹ̀, tí wọ́n ń fi sínú láptọ́ọ̀pù fún èèyàn ní owó táṣẹ́rẹ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Ẹni tó já a ti fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ kò sì lè mọ ohun mìíràn tó fi síbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ fáìlì sábà máa ń gba ibẹ̀ wọlé, dátà ọdún mẹ́ta lè bá a lọ. Ẹ kò sì ní lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìwádìí pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Nígbà tí JASP àti PSPP wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ìdí tó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì kan jalè kó tó lè ṣe ANOVA.

Ìgbésẹ̀ 3: Orí láptọ́ọ̀pù tiyín ni kí ẹ ti dán an wò

Ohun tó ń sáré lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá lè máa rákò lórí tiyín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sọ́fítíwíà náà sínú láptọ́ọ̀pù, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pa láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tún tan án, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí. Àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ bá ilé iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́, èyí kò sì dára fún ẹni tó ń gbé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ. Bó bá jẹ́ R tàbí Python ni, ẹ gba gbogbo àfikún tí ẹ máa lò sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Ẹni tó ń lo Mac ní láti mọ̀ pé Windows ni wọ́n ṣe Origin fún.

Ẹ tún dán ọ̀rọ̀ iná wò. Ẹ ṣí dátà tí kò ṣe pàtàkì, ẹ ya gíráàfù kan, kí ẹ má fi pamọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ipá pa sọ́fítíwíà náà láti inú Task Manager. Nígbà tí ẹ bá tún un ṣí, ṣé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀? Bí kò bá sí, ẹ ti mọ̀ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fún un ní ìṣirò tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ má fò ó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye mẹ́jọ: 2, 4, 4, 4, 5, 5, 7, 9. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 5. Standard deviation, èyí tó ń sọ bí àwọn iye ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, lè jẹ́ 2, ó sì lè jẹ́ 2.138. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Àròpọ̀ ìyàtọ̀ tí a sọ di ìlọ́po ara wọn jẹ́ 32. Bí a bá fi 8 pín in, tí a sì wá square root èsì rẹ̀, a ó rí 2, bí a bá fi 7 pín in, tí a ṣe bákan náà, a ó rí 2.138. Ẹni tó kó àpẹẹrẹ díẹ̀ nínú ohun tó pọ̀ ló ni 2.138, irú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ jù lọ wa sì ń ṣe nìyẹn. R á fún yín ní 2.138, pandas náà á fún yín bẹ́ẹ̀. NumPy, tó wà nínú Python kan náà, á fún yín ní 2 àfi tí ẹ bá kọ ddof=1 sí i. Excel ní méjèèjì: STDEV.S ni ti 2.138, STDEV.P ni ti 2. Tí sọ́fítíwíà kan kò bá sọ èyí tó lò, iye mẹ́jọ yìí á tú u fó.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ 10000001, 10000003 àti 10000002. Ìpíndọ́gba jẹ́ 10000002, standard deviation sì jẹ́ 1 gééré. Ilé iṣẹ́ ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, NIST, ló fi èyí sí ara àwọn dátà tí wọ́n ti jẹ́rìí sí ìdáhùn wọn, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó le jù nínú ìdílé yìí ní iye 1001: àkọ́kọ́ jẹ́ 10000000.2, àwọn yòókù ń pààrọ̀ láàárín 10000000.1 àti 10000000.3 títí dé òpin. Standard deviation rẹ̀ jẹ́ 0.1. Ìdí tó fi le ni pé kọ̀ǹpútà kò lè gbé ju nǹkan bí díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún lọ. Sọ́fítíwíà tó bá kọ́kọ́ sọ iye ńlá wọ̀nyí di ìlọ́po ara wọn kí ó tó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì yóò ti pàdánù gbogbo díjíìtì tó ṣe pàtàkì. Ibí ni àwọn Excel tó ṣáájú ẹ̀dà 2003 ti ń ṣìnà. Àwọn tuntun ti ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹ dán tiyín wò.

Ẹ wá dátà Anscombe náà. Lọ́dún 1973 ni Francis Anscombe tẹ àkójọ mẹ́rin jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì mọ́kànlá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìpíndọ́gba x tó jẹ́ 9, ìpíndọ́gba y tó jẹ́ 7.5, ìlà y = 3 + 0.5x, àti ìbáṣepọ̀ (correlation) 0.816. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yà wọ́n, ọ̀kan rí bí ìlà gidi, ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, ẹ̀kẹta ní àmì kan tó yapa, ẹ̀kẹrin sì tò sórí ara wọn ní òpó kan ṣoṣo àfi àmì kan tó wà lọ́nà jíjìn. Nínú R, ẹ kàn tẹ “anscombe”, ó ti wà níbẹ̀. Ẹ wo iye, ẹ sì wo àwòrán. Sọ́fítíwíà tó bá ń gbé ìlà àti R² (iye tó ń sọ bí ìlà ṣe bá àwọn àmì mu tó) fún yín láì fi àwọn àmì hàn lẹ́ẹ̀kan náà ń fi ohun tó yẹ kí ẹ rí pamọ́ fún yín.

Ẹni tó máa ya boxplot (gíráàfù alápòótí tó ń fi ìdámẹ́rin dátà hàn) kí ó tẹ 1, 2, 3, 4, kí ó sì béèrè ìdámẹ́rin àkọ́kọ́. R á sọ 1.75. QUARTILE.INC nínú Excel á sọ 1.75, QUARTILE.EXC á sọ 1.25. Ọ̀nà mẹ́sàn-án ló wà nínú R nìkan fún ìṣirò yìí. Bí àmì bá pọ̀, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Bó bá jẹ́ abala ilẹ̀ mẹ́rin lẹ ní, àpótí yín á yí ìrísí padà láti inú sọ́fítíwíà kan sí òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fún un ní dátà yín pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀

Àwọn dátà àpẹẹrẹ tó ń bá sọ́fítíwíà wá ti mọ́ tónítóní. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tó ń fi kọ́mà pín àwọn òpó) kékeré kan, ìlà ogún ti tó, kí ẹ kó gbogbo wàhálà tó wà nínú dátà gidi yín sínú rẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ 03/04/2024 síbẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí a ṣètò ní ti Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Bí ẹ bá ń ya ìwọ̀n òjò láti oṣù kẹrin tí òjò ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti da gíráàfù rú. Kí ẹ máa kọ 2024-04-03, ìjà parí.

Ẹ fi àyè òfìfo kan sí òpó òjò, kí ẹ sì fi 0 sí òmíràn. 0 ni pé òjò kò rọ̀. Àyè òfìfo ni pé ẹni tó ń wọn ọ́n kò wá lọ́jọ́ náà. Sọ́fítíwíà tó bá sọ àyè òfìfo di 0 ti purọ́ mọ́ ojú ọjọ́. Bí ẹ bá ń fi -99 dúró fún ohun tí a kò wọ̀n, ẹ wò ó bóyá ẹ lè sọ fún un, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ka -99 mọ́ ìpíndọ́gba.

Ẹ kọ orúkọ abala ilẹ̀ bíi “2-3”, ìyẹn abala kẹta nínú bùlọ́ọ̀kù (àkójọ abala ilẹ̀) kejì. Excel á sọ ọ́ di ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà. Irú ìwà yìí ló mú kí àwọn tó ń sọ jíìnì lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà lọ́dún 2020: MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1, kí Excel má bàa máa sọ wọ́n di oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án. Ẹ fi nọ́ńbà àpẹẹrẹ “007” náà sí i, kí ẹ wò ó bóyá òfo méjèèjì ṣì wà níwájú.

Níkẹyìn, ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i: Adó-Èkìtì, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu. Bí ẹ bá fi CSV yìí pamọ́ ní UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wa), tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí Excel ṣí i, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwọn àmì tí kò ní ìtumọ̀. Kí ẹ gba inú mẹ́nù Data lọ, kí ẹ yan UTF-8 fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo ohun tó ń ṣe tí dátà kò bá pé

Oko kì í gbọ́ ti ìwé. Ewúrẹ́ wọlé, abala kan bàjẹ́, bùlọ́ọ̀kù kan wá ní mẹ́ta níbi tí àwọn yòókù ti ní mẹ́rin. ANOVA irú dátà yìí ní ju ọ̀nà kan lọ. Àṣẹ aov nínú R ń lo Type I, níbi tí ètò tí ẹ kọ àwọn nǹkan náà sí ti ń yí èsì padà. SPSS ń lo Type III bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé dátà kan náà sínú méjèèjì kí ó rí p (iye tó ń sọ bóyá ìyàtọ̀ kì í ṣe èèṣì lásán) méjì, kí ó sì rò pé ọ̀kan ti bàjẹ́. Ẹ yọ ìlà kan kúrò nínú dátà àpẹẹrẹ yín, kí ẹ ṣe ANOVA, kí ẹ yí ètò ajílẹ̀ àti bùlọ́ọ̀kù padà, kí ẹ tún un ṣe. Bí èsì bá yí, Type I ni. Lójú tèmi, sọ́fítíwíà tí kò sọ irú èyí tó ń lò níbi tí èèyàn ti lè rí i kò yẹ fún iṣẹ́ oko.

Fún àwọn tó ń fa ìlà tó tẹ̀: ẹ béèrè bóyá ẹ lè yan iye tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń sọ àṣìṣe tó wà lára iye kọ̀ọ̀kan nínú fọ́múlà, àti bóyá ó ń ya ohun tó ṣẹ́kù láàárín àmì àti ìlà. NIST ní àwọn dátà fún èyí pẹ̀lú. Ọ̀kan tó rọrùn ni Misra1a. Wọ́n fún un ní ibi méjì tí èèyàn lè ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan jìnnà sí ìdáhùn, ọ̀kan súnmọ́ ọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tẹ gíráàfù náà sórí bébà

Ẹ kọ “Ìwúwo iṣu” sí ìlà ẹ̀gbẹ́, “Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn gbígbìn” sí ìlà ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e jáde ní PDF. Ṣé àmì ohùn jókòó sórí lẹ́tà, tàbí ó ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ṣé àmì ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ wà níbẹ̀? Nínú R, àṣẹ pdf() kò mọ ẹ àti ọ wa. Àṣẹ cairo_pdf() mọ̀ wọ́n. Lórí Windows, ẹ lo R 4.2.0 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, torí láti ọdún 2022 ni R ti ń lo UTF-8 níbẹ̀. A ń kọ iṣẹ́ ìwádìí ní Yorùbá ní àwọn ẹ̀ka èdè wa, sọ́fítíwíà tó bá sì ń já àmì orí ọ̀rọ̀ wa dànù ti kùnà fún wa.

Ẹ wo error bar: ṣé SD (standard deviation) ni tàbí SE (standard error, ìyẹn àṣìṣe tó lè wà lára ìpíndọ́gba)? Èkejì kéré ju èkíní lọ, ó sì máa ń mú kí iṣẹ́ dà bíi pé ó dájú ju bó ṣe rí lọ. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ gíráàfù.

PDF tàbí SVG dára jù, torí bí a bá fà á tóbi kò ní fọ́. Bí jọ́nà bá fẹ́ PNG tàbí TIFF ní 300 dpi (píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan), gíráàfù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8.5 gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì bí 1004 ní fífẹ̀. Fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe gíráàfù. Ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìtẹ̀wé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, torí bí ọ̀pọ̀ ṣe máa kà á nìyẹn. Bí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé bá ti di eérú kan náà, ẹ pààrọ̀ àmì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn

Ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní CSV nìkan àti àlàyé ohun tí ẹ ṣe, kí ó tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹni tó kọ àṣẹ nínú R tàbí Python kàn ń fi fáìlì àṣẹ ránṣẹ́ ni. Ẹni tó ń tẹ mẹ́nù gbọ́dọ̀ ti kọ ibi tó tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. JASP àti jamovi wà láàárín, torí wọ́n ń fi ohun tí ẹ yàn pamọ́ pẹ̀lú dátà nínú fáìlì kan. Fáìlì Origin ń fẹ́ Origin; bí láísẹ́ǹsì ẹ̀ka bá parí, ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá lò, kí dátà gangan wà ní CSV lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ibi méjì ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ yan

Ẹ má ṣe ro máàkì pọ̀. Èyí tó bá kùnà ní ìgbésẹ̀ 4 ti jáde, ẹwà gíráàfù rẹ̀ kò lè gbà á là. Nínú àwọn tó kù, èyí tí ẹnìkan nítòsí yín mọ̀ dáadáa ló yẹ kó borí, torí aago mọ́kànlá alẹ́ ni ìṣòro máa ń dé, ẹni tí ẹ lè pè ló sì máa wúlò jù nígbà yẹn. Fún pùrójẹ́ẹ̀tì oyè àkọ́kọ́, JASP tàbí jamovi pẹ̀lú Veusz tàbí LabPlot tó. Ẹni tó ń lọ sí oyè kejì tàbí PhD kí ó kọ́ R tàbí Python, bó bá tiẹ̀ gba oṣù mẹ́ta. Yàrá àyẹ̀wò tó bá ti sanwó Origin tàbí Prism lè máa lò ó, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yàn, ẹ kọ sínú orí tó ń sọ ọ̀nà tí ẹ gbà ṣiṣẹ́: orúkọ sọ́fítíwíà, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, àwọn àfikún tí ẹ lò, Type ANOVA, àti bóyá SD tàbí SE ni error bar. Nínú R, sessionInfo() á to ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ fún yín, citation() á sì sọ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́kasí. Ọjọ́ tí ẹ ṣe ìṣirò náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹ̀dà tuntun lè ti gba ipò rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù yín kí ọjọ́ ìgbèjà tó dé.